Fọlákẹ́ Ń Kà, Èmi Ń Wò: Iṣẹ́ Mi Nídìí Gbèsè Orílẹ̀-èdè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, Bàbá Alàgbà ní kí n kọ bí mo ṣe ṣiṣẹ́ láyé mi fún yín, kí ẹ lè fi mọ irú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó kúrò lọ́rùn mi: mò ń jowú Fọlákẹ́. Mo jowú rẹ̀ nígbà tí irun mi dúdú, mo ń jowú rẹ̀ nígbà tí irun mi funfun, títí kan ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tó wọ ìjọ wa ní Barking pẹ̀lú sùtánà tó gún régé, tí gbogbo yín ń kúnlẹ̀, tí ẹ ń dọ̀bálẹ̀, tí ẹ ń sọ fún àlejò pé, "Màmá tó ń yọ àwọn orílẹ̀-èdè nínú gbèsè nìyẹn." Èmi náà dúró níbẹ̀. Ẹ kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, mà," ẹ sì kọjá lọ. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi, egungun ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Gbogbo ohun tó fi ń gba ìyìn kiri lónìí, ìdí tábìlì mi ló ti kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ mi, kò sí bí mo ṣe lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ wò. Kò ṣeé ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ọkọ mi ló mú mi wá sí ìlú yìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Gascoigne la dé sí ní Barking níbí, àjà kẹsàn-án nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tí wọ́n ti wó lulẹ̀ báyìí. Báǹkì ńlá kan láàárín London gbà mí síṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Owó náà ń san owó ilé, kò lè ra ilé. Láràárọ̀ ni mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Barking, tí màá dúró lórí ẹsẹ̀ dé ibi iṣẹ́, nítorí àwọn tó wọlé láti Dagenham ti jókòó tán kó tó kàn wá.

Ẹ̀ka tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó ni wọ́n fi mí sí. Kó má ṣe rú yín lójú. Ẹ mọ èésú tí àwọn ìyá yín ń dá nínú ìjọ. Báǹkì bí ogún tàbí ọgbọ̀n á da owó jọ, wọ́n á yá orílẹ̀-èdè kan. Báǹkì tiwa ni ìyá èésú: òun ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó yá a, òun náà ló ń pín in fún àwọn tó ni ín. Nígbà tó bá wá di pé èlé ti gorí èlé, tí orílẹ̀-èdè náà ń fi owó oògùn san èlé, á wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á ṣèpàdé, wọ́n á jiyàn, nígbà mìíràn fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Bí gbogbo wọn bá gbà láti dárí díẹ̀ jì í, ọ̀rọ̀ á wá délẹ̀ lọ́dọ̀ àwa tí a jókòó sẹ́yìn. Àwa la máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pé owó báyìí-báyìí, ẹ má gbà á mọ́. Bí ẹnu àwọn ọ̀gá bá dárí jì, tí ìwé tiwa ò bá dárí jì, gbèsè ṣì wà lọ́rùn onígbèsè.

Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì lọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í mu ṣúgà nínú tíì, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Háà, ọkùnrin yẹn le! Òfin rẹ̀ ni pé ìwé kankan ò gbọ́dọ̀ jáde lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé ènìyàn méjì jókòó tì í. Ẹnì kan á máa ka èyí tí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí, ẹnì kejì á máa wo èyí tí a tẹ̀. Tí ẹni tó ń kà bá parí ìlà kan, ẹni tó ń wò á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," á fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Kò gbọ́dọ̀ dáhùn kí ẹni tó ń kà tó pa ẹnu dé. Bí ara bá sì fu ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, kó sọ pé, "Dúró." Ì báà jẹ́ ọmọ tó dé lánàá ló ń sọ ọ́ fún ọ̀gá pátápátá, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á kọ orúkọ sínú ìwé ńlá aláwọ̀ ewé kan: ẹni tó kà, ẹni tó wò.

Ẹ má rò pé kíkà yẹn rọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì fi ní kí n máa ka ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù sókè fún òun. Èmi, ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí láti Ìjẹ̀bú-Òde! Ó ní ohùn mi ń sáré. Lọ́jọ́ kan mo ka mẹ́tàdínlógún ní mẹ́tàdínláàádọ́ta, ni ó bá fi rúlà gbá tábìlì.

"Modupe, ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo kà. O ò ka ohun tó wà nínú ìwé."

Mo lọ sunkún nílé ìtọ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ṣí ìwé tẹlifóònù náà sílẹ̀ dè mí. Ọdún kan kọjá kó tó jẹ́ kí n fi pẹ́ńsù kan ìwé gidi. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. N kò wo ẹnu àáké, mo jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ ní àjà wa, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn tẹ́lẹ́ẹ̀sì ló wà, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó máa ń pariwo wàràwàrà, tí ìwé á máa ya jáde nínú rẹ̀ gùngùn. Tó bá ń ké, o ò lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fáàsì dé, ẹ̀rọ tó ń gba ìwé wọlé lórí wáyà tẹlifóònù, ìwé rẹ̀ a máa ká bí ewé tó gbẹ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a sì pa rẹ́ tí oòrùn bá ràn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn ni mo lò. Síbẹ̀, kíkà àti wíwò ò yí padà títí di ìgbà tí mo máa sọ fún yín.

Mo ti wà níbẹ̀ bí ọdún mẹ́jọ kí Fọlákẹ́ tó dé. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ó kéré sí mi lọ́dún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì báǹkì, lójú gbogbo òyìnbó.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí."

"Dìde, dìde jọ̀ọ́, ọ́fíìsì la wà!"

Inú mi dùn o, mi ò ní purọ́. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti kúnlẹ̀ kí mi láàárín London. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ́, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní kíkún. Ọ̀gá ò fún un níwèé tẹlifóònù kankan. Ó fún un ní bísíkíìtì. Èmi tí mo ti ń rí páálí bísíkíìtì yẹn nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, mi ò mọ bó ṣe ń rùn! Ọjọ́ yẹn gan-an ni owú bí ọmọ sínú mi.

Kò tán síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kó kọ orúkọ ẹni tó wò sínú ìwé aláwọ̀ ewé, "Àǹtí" ló kọ. Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì gbé ìwé náà wá.

"Ta ní ń jẹ́ Àǹtí?"

"Àwọn yẹn ni, sà." Ọwọ́ méjèèjì ló nà sí mi.

"Modupe ló ń jẹ́. Modupe ni kó o kọ."

"Mi ò lè kọ ọ́ gbálaja bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n jù mí lọ."

"Ìwé lo ń kọ ọ́ sí, o ò pè é lẹ́nu."

"Ọwọ́ mi náà mọ̀ pé wọ́n jù mí lọ, sà."

Ẹ gbọ́ ná, ọkùnrin tó ń fi rúlà gbá tábìlì fún mi, ó rẹ́rìn-ín! Agogo mẹ́wàá àárọ̀! Ó ní kó máa kọ "Àǹtí" náà lọ, ṣebí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ mi kúrò nínú ìwé aláwọ̀ ewé, Àǹtí ló wà níbẹ̀ lójú ewé dé ojú ewé.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Fọlákẹ́. Kò lè sọ "Dúró" fún mi. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé wọn, báwo ló ṣe máa dá àgbà dúró? Tí mo bá ṣe àṣìṣe, á sún mọ́ mi díẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tún un kà?" Bí ẹni pé òun ló kà á burú. Àwa méjèèjì mọ ohun tó ń sọ. Màá ní, "Tún un kà," màá rí àṣìṣe mi, màá tún un ṣe, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Òyìnbó méjì ò lè bára wọn ṣe irú ẹ̀. Ó sì ń bí mi nínú pé ó ń rí àṣìṣe mi, n kì í rí tiẹ̀.

Ó wá di ọdún tí orílẹ̀-èdè kékeré kan nílẹ̀ Áfíríkà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí gbèsè ji òun. Àwọn báǹkì gbà, wọ́n ní kí a dáwọ́ gbígba owó rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ìpàdé ìkẹyìn máa wáyé ní Paris, wọ́n sì máa ń mú ẹnì kan láti àjà wa dání láti tọ́jú àwọn ìwé. Láti ọdún kejì mi ni mo ti ń retí Paris yìí. Mo ti ra kóòtù sílẹ̀ fún un, kóòtù pupa rẹ́súrẹ́sú kan, mo gbé e kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Gascoigne, n kò wọ̀ ọ́ rí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì dìde láàárọ̀, ó ní Fọlákẹ́ ló máa lọ.

Ọmọ náà yíjú sí mi wàrà. "Àǹtí, mi ò béèrè fún un o."

"Mo kí ọ kú oríire," ni mo wí. Eyín mi ló sọ ọ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn la jókòó ti ìwé orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo owó tí a ò gbọ́dọ̀ gbà mọ́ ló wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Fọlákẹ́ ń kà, èmi ń wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ni mò ń wò. Paris ni mò ń wò. Mò ń rí i tó wọ kóòtù, tó ń gbé fáìlì tẹ̀lé àwọn ọ̀gá, tí kóòtù mi ń jẹ eruku nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Níbi ìlà kẹtàdínlógún, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," nígbà tí ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé.

Ó sún mọ́ mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tún un kà?"

"Ṣé etí mi di ni?"

Ó ka ìyókù. Nígbà tó parí, ó tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ìlà kẹtàdínlógún yẹn, ṣé kí n tún un kà?"

"Fọlákẹ́, ṣé Paris ti sọ ọ́ di ọ̀gá mi ni? Ó ti tó! Kọ orúkọ síbẹ̀, àwọn ènìyàn fẹ́ lọ sílé fún Àjíǹde."

Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ó kọ orúkọ tiẹ̀, ó kọ "Àǹtí" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń sọ. Ọdún mẹ́rin ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí ìwé náà lọ, nítorí n kò fẹ́ kó tún jàre mi lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó wà ní ìlà kẹtàdínlógún ni pé, níbi tó yẹ kí n ti tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi owó náà sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbà á. Ẹ̀rọ ò mọ àánú, ohun tí o bá tẹ̀ ló máa ṣe. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, ó fa owó yọ nínú àkáǹtì orílẹ̀-èdè yẹn tó wà lọ́dọ̀ wa, ó gbá a mọ́ tónítóní. Báǹkì tì lọ́jọ́ Ẹtì nítorí ọdún Àjíǹde, ó tì títí kan ọjọ́ Ajé. Mo lọ sí ìsìn Àjíǹde, mo kọrin, mo jẹ ìrẹsì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tẹlifóònù orí tábìlì mi dún. Obìnrin kan ni, láti ilé iṣẹ́ ìṣúná orílẹ̀-èdè náà. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Madam, ọkọ̀ ojú omi wa wà ní èbúté láti ọjọ́ Ẹtì. Oògùn ibà àti omi tí wọ́n ń fà sára ọmọdé ló kó wá. Ọlọ́kọ̀ náà ní òun ò ní já ẹrù àfi tí òun bá rí owó. A wo àkáǹtì, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣebí ẹ ní ẹ ti dárí jì wá?"

Mo wá ìwé náà jáde. Mo bojú wo ìlà kẹtàdínlógún. Ó ń wò mí.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí owó yẹn tó padà, nítorí báǹkì tó ti gba ìpín tirẹ̀ kì í tètè tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ náà dúró sórí omi. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ọmọ kankan kú. N kò béèrè. Mò ń bẹ̀rù ìdáhùn.

Wọ́n pè wá sí àjà òkè. Obìnrin ọ̀gá kan tí n kò rí rí ṣí ìwé aláwọ̀ ewé sórí tábìlì. Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Fọlákẹ́ ló kà á. Ta ni Àǹtí?"

Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì la ẹnu, ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ ti ń sọ̀rọ̀. "Àwọn ló wò ó, mà. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ̀bi. Èmi ni mo kà á lódì. Ohun tí mo kà ni wọ́n sàmì sí."

Irọ́ ni. Irọ́ gbuu. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì wò mí títí, ó ń retí pé kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó dákẹ́.

Nígbà tí a jáde, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Àǹtí, ọmọ mẹ́ta lẹ ní, bọ̀dá wa nílé ò sì gbádùn. Èmi nìkan ni mo wà." Ó wo ilẹ̀. "Àti pé, mi ò lè jẹ́ kí ojú tì yín níwájú àwọn wọ̀nyẹn."

Ṣé ẹ mọ ohun tó dé sí mi lọ́kàn? Ọpẹ́ kọ́ o. Owú ni! Mo jowú pé ó lè ṣe irú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní ṣe é.

Wọn ò lé e. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń to lẹ́tà, ìrìn àjò Paris sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni wọ́n wá mú lọ? Èmi. Mo gbé kóòtù mi jáde, ó ti há mi léjìká. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fáìlì kiri ní Paris, oúnjẹ wọn ò wọ̀ mí lọ́fun. Mo ra gèlè sílíìkì kan fún Fọlákẹ́, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ọpẹ́ rẹ̀ fẹ́ pa mí. Ó ṣì ń lo gèlè yẹn. Ó sì yẹ ẹ́, ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Kí ọdún tó yípo, ó fi báǹkì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ kan tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ka ìwé gbèsè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ń bá wọn bẹ̀bẹ̀ tó bá ti wọ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n ní níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń fo ìlà, ohùn pẹ̀lẹ́ kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tún un kà?" Báyìí ló ṣe di ẹni ńlá. Ìwà burúkú tí mo hù sí i ló tì í dé ibẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ bínú sí ẹni tó lọ fi ìwà ìkà ẹni ṣe àtẹ̀gùn!

Èmi dúró. Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fún mi ní bísíkíìtì. Nígbà tó yá, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé tó sì ń wò ó fúnra rẹ̀. Wọ́n kó ìwé aláwọ̀ ewé lọ sí ibi tí n kò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níwájú gíláàsì kọ̀ǹpútà kan, mò ń tẹ bọ́tìnnì, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní agogo. Mo kó lọ sí Dagenham, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Village, mo ní ó ti parí.

Kò parí. Lọ́dún yìí Ìyá Ìjọ wa sùn nínú Olúwa, orúkọ méjì ló sì jáde láti rọ́pò rẹ̀: tèmi àti ti Fọlákẹ́. Mo fẹ́ oyè náà. Kí n má fi bò yín, mo fẹ́ ẹ bí ebi ṣe ń fẹ́ oúnjẹ. Láti ìgbà tí ìjọ yìí wà nínú gbọ̀ngàn tí a ń háyà ni mo ti ń gbá ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí Fọlákẹ́ wà nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Bàbá Alàgbà wá kí mi nílé. Wọ́n mu omi, wọ́n tún ara ṣe lórí àga.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan ń lọ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní báǹkì lé Màmá Fọlákẹ́ nítorí àṣìṣe tó kó orílẹ̀-èdè kan sí wàhálà. Owó ilé ìjọsìn tuntun máa wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ. Ẹ̀yin lẹ bá a ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìtàn iṣẹ́ tí ẹ ní kí n kọ fún àwọn ọ̀dọ́."

"Ohun tí ẹ bá kọ la máa gbà gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Ohun tí ẹ kà lókè yìí kọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ. Níbi ọ̀rọ̀ ìlà kẹtàdínlógún, mo kọ ọ́ pé: "Ní ọdún kan, àṣìṣe ńlá kan wáyé nídìí ìwé tí Fọlákẹ́ kà. Lẹ́yìn èyí, ó fi báǹkì sílẹ̀." Ẹ tún un wò. Ibo ni irọ́ wà níbẹ̀? Kò sí níbì kankan. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lo gbogbo ẹ̀kọ́ tí Mísítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì kọ́ mi láti fi rí i pé kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ò lè jáde lọ́dọ̀ mi láìjẹ́ pé ènìyàn méjì jókòó tì í. Ó ti wọ̀ mí lára. Awọ sì ti ń bo ojú mi ọ̀tún. Ta ló ń wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo Ọjọ́rú, tó ń ra ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ fún mi láti ọjà East Street ní Barking? Òun náà ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó ní, "Àǹtí, mo gbọ́ pé ẹ ń kọ ìwé. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín." Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gbé e fún un.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń kà, èmi ń wò. Ohùn yẹn ò tíì yí padà. Ìlà kan, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kan, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kà á dé ibi àṣìṣe ńlá yẹn. Ó kà á dópin, ó pa ẹnu dé. Kò wò mí. Ó gbé ìka sórí ìlà náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé kí n tún un kà?"

Gbogbo owú tí mo ti kó jọ láti ọdún wọ̀nyẹn dìde dúró nínú mi, ó ní kí n sọ fún un pé mo ti gbọ́, pé etí mi ò di. Oyè wà níbẹ̀. Bàbá Alàgbà máa gbà gbọ́.

"Dúró," ni mo wí.

Ó wò mí.

"Mo ní dúró, Fọlákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fa ìlà gba ibẹ̀ kọjá. Mú gègé, kí n sọ bó ṣe rí, kó o kọ ọ́."

"Àǹtí, kò pọn dandan mọ́. Ó ti pẹ́."

"Kọ ọ́!"

Ó kọ ọ́. Ibẹ̀ la wà títí tíì wa fi tutù, mò ń sọ, ó ń kọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé. Tèmi ò bọ́. Inú ń bí mi, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ohun tó kọ lẹ kà yẹn, láti ibi kóòtù dé ibi gèlè, àti ọ̀rọ̀ owú tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó kà á fún mi láti òkè délẹ̀. Mi ò dáhùn kó tó pa ẹnu dé níbì kankan. Òun náà ò bi mí bóyá kí òun tún un kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ wá iṣẹ́ tí ẹnì kan máa jókòó tì yín nídìí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ní láti sọ fún yín. Bàbá Alàgbà, ẹ fi Fọlákẹ́ jẹ Ìyá Ìjọ. Màá wá síbi ìfijoyè náà, màá wọ aṣọ mi tó dára jù, màá sì máa jowú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nísàlẹ̀ ìwé, a fa ìlà méjì bíi ti àtijọ́. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí ibi ẹni tó kà. Mo ní kó kọ tèmi sí ibi ẹni tó wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Àǹtí."

"Kọ orúkọ mi, Fọlákẹ́."

"Ẹ dákun, Àǹtí. Mi ò lè kọ ọ́."

Mo gba gègé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ fúnra mi.

Ẹni tó kà: Fọlákẹ́.
Ẹni tó wò: Modúpẹ́ Odùsànyà.